Shafer àbí Schäfer? Ẹ bá mi wá bàbá ńlá ọkọ mi tí wọ́n ní ará Jámánì ni

Ìyá_Ìbejì:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tú ìtàn ìdílé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, orí mi ti fẹ́ fọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà lọkọ mi, Shafer ni sọ́nẹ́ẹ̀mù wọn, òun náà sì lèmi àtàwọn ọmọ ń jẹ́ báyìí. Bàbá ọkọ mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀ mí fún ni pé kí n bá wọn wá ibi tí àwọn Shafer ti ṣẹ̀ wá ní Jámánì kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọ́n ní èmi ni mo mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò jù nínú ilé. Mo gbà, mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Oṣù kẹrin rèé.

Ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò pọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí Amẹ́ríkà ni bàbá tó bí bàbá bàbá wọn, John Shafer lorúkọ rẹ̀, Catherine nìyàwó rẹ̀, Ohio ni wọ́n gbé. Mo rí i nínú ìwé ìkànìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní 1870 wọ́n kọ ọ́ pé Hessen ni wọ́n ti bí i. Ní 1880 wọ́n kọ Prussia. Nígbà tó fi máa di 1900 ó tún ti di Germany, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé 1867 ló wọ Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹnì kan ṣoṣo, ibi ìbí mẹ́ta! Ìyàwó kan náà ni o, àwọn ọmọ kan náà, oko kan náà. Ṣé bàbá yìí ń purọ́ ni àbí kí ló ń sá fún? Ti 1890 ni mi ò rí rárá, mo ti wá a tì.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ẹbí ni pé Schäfer gidi ni wọ́n ń jẹ́, nígbà tó wá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ellis Island, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ń ṣí wọ Amẹ́ríkà ní New York, òṣìṣẹ́ ìjọba kan bi í léèrè orúkọ, kò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa, ló bá kọ Shafer bó ṣe wù ú, bó ṣe di Shafer títí dòní nìyẹn. Mo wá tẹ Shafer sórí àwọn ojú òpó ará Jámánì, òfo. Mo tẹ Schäfer, háà, èsì tó jáde pọ̀ ju yanrìn etí òkun lọ, John ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ gan-an? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí kó dákun dá sí i.


Akọ̀wé_Àtijọ́:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ẹ má pe bàbá oníbàbá ní òpùrọ́ o. Òun ò kúrò lójú kan, ìlú tó bí i ló ń pààrọ̀ orúkọ.

Nígbà tí wọ́n bí i, kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Jámánì. Ìjọba kéékèèké ló kún ibẹ̀, onílùú tibí ọ̀tọ̀, onílùú tọ̀hún ọ̀tọ̀. Hessen nìkan tó méjì tó lórúkọ: Hessen-Kassel, tí wọ́n tún ń pè ní Kurhessen, àti Hessen-Darmstadt. Ní 1866, Prussia bá Austria jagun, Kurhessen gbè sẹ́yìn Austria, Prussia ló sì borí, ló bá gbé Kurhessen mì káló. Ní 1871 wọ́n wá kó gbogbo wọn pọ̀ lábẹ́ Kaiser, ìyẹn olú ọba, kan ṣoṣo. Ẹ padà lọ wo ìwé yín báyìí. Ní 1870, àṣẹ tí wọ́n fún àwọn tó ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n má kọ Germany lásán, kí wọ́n kọ ìjọba tí onítọ̀hún ti wá gan-an, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi rí Hessen. Ní 1880 ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ti di ti Prussia, ó sọ Prussia. Ní 1900, ta ló tún ń ranti Kurhessen, Germany ti tó. Òtítọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àǹfààní ńlá ló sì jẹ́ fún yín, torí ẹni tó bá jẹ́ ará Hessen-Darmstadt, Prussia ò lè tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Kurhessen ni kẹ́ ẹ dojú kọ.

Ẹ tún wo ọdún tó wọlé, 1867. Ọdún kan lẹ́yìn tí Prussia gbà wọ́n. Prussia ò fi iṣẹ́ ológun ṣeré, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti tó ọmọ ogún ọdún gbọ́dọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ló sì gba ọ̀nà òkun kí wọ́n tó pè é. Mi ò sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn o, àmọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi kò ní yà mí lẹ́nu.

Ti Ellis Island yẹn, ẹ bá mi bẹ bàbá ọkọ yín, kò rí bẹ́ẹ̀. January 1892 ni wọ́n ṣí Ellis Island. Ẹni tó wọlé ní 1867, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi ṣáájú ilé yẹn! Tó bá jẹ́ New York ló gúnlẹ̀ sí, Castle Garden ni wọ́n ń gbà wọ́n sí nígbà yẹn, láti 1855 títí di 1890. Ẹ má sì gbàgbé Baltimore, ọkọ̀ láti Bremen ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ dáadáa, rélùwéè sì wà láti ibẹ̀ tó ń lọ tààrà sí Ohio. Àní ẹni tó gba Ellis Island kọjá gan-an, wọn kì í yí orúkọ èèyàn padà níbẹ̀. Ìwé orúkọ èrò ti wà nílẹ̀ láti èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra, òun làwọn òṣìṣẹ́ kàn ń fi pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìdílé ló ní ìtàn yìí, tèmi náà ní in, ọdún méjì ni mo fi gbà á gbọ́.

Ẹni tó yí orúkọ padà? Gbogbo èèyàn ni. Tíṣà ọmọ ni, akọ̀wé kóòtù ni, onísọ́ọ̀bù tó ń kọ gbèsè sílẹ̀ ni, ẹni tó ń ka èèyàn tí kò gbọ́ Jámánì ni. Kálukú kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ lè sú u láti máa tún un ṣe, kó gbà fún wọn.

1890 kọ́ lẹ wá tì, iná ló jó o ní Washington ní 1921, díẹ̀ bíńtín ló ṣẹ́kù. Ẹ má wá a mọ́.

Ó wá ku ọ̀kan tó ṣe pàtàkì jù. Schäfer túmọ̀ sí olùṣọ́ àgùntàn. Bí Schmidt ṣe jẹ́ alágbẹ̀dẹ, tí Schneider jẹ́ télọ̀, tí Weber jẹ́ ahunṣọ, tí Fischer jẹ́ apẹja, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Abúlé tó bá ti ní àgùntàn ti ní Schäfer tiẹ̀ nìyẹn, Schäfer abúlé yìí àti ti abúlé kejì lè má mọ ara wọn rí láyé. Ẹ̀yin ń fi sọ́nẹ́ẹ̀mù wá èèyàn, sọ́nẹ́ẹ̀mù yẹn ò lè ṣe é fún yín. Orúkọ abúlé lẹ ń wá. Ẹ kúrò lórí ojú òpó ará Jámánì ná, Ohio nibẹ̀ ni orúkọ abúlé yẹn wà tó bá wà níbì kan: ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn elédè Jámánì, òkúta ibojì, ìròyìn ikú nínú ìwé ìròyìn Jámánì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ìwé ìgbéyàwó. Ìwé tó fi di ọmọ Amẹ́ríkà ò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú September 1906 kì í sábà ní ju orúkọ àti ọba tó kọ̀ sílẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ti wá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀?


Bóyé_09:

Ẹ kàn ra DNA jàre, ẹ tu itọ́ sínú ike, ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbogbo rẹ̀ á jáde. Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí


Táyọ̀_Leipzig:

@Bóyé DNA máa sọ fún wọn pé àwọn ní ìbátan ní Ohio, èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Jámánì tó ń ṣe é ò pọ̀ rárá tá a bá fi wé ti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá bá yín dọ́gba, ọ̀pọ̀ ìgbà ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn tí òun náà há síbi tẹ́ ẹ há sí ni. Kò burú láti ṣe é o, àmọ́ kì í kọ orúkọ abúlé sílẹ̀ fún èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ti sọ̀rọ̀ bí àgbà, díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. Ìyá Ìbejì, ẹ wo àmì onítóótòó méjì tó wà lórí ä yẹn. Tí kò bá sí i lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ae ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà Schäfer àti Schaefer, ọ̀kan náà ni, kì í ṣe àṣìkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ö ṣe ń di oe, tí ü ń di ue. Àwọn ará Amẹ́ríkà kàn já tóótòó yẹn dànù, ó di Schafer. Ẹni tó ń fi etí kọ ọ́ sọ ọ́ di Shafer, Shaffer, Sheaffer. Ẹlòmíì tilẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ sí Shepherd, ó parí. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń wá a lórí FamilySearch, ojú òpó àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé, ẹ fi àmì ìràwọ̀ sí ibi tí kò dá yín lójú, bíi S*f*r, á kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àfi Shepherd. FamilySearch ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Catherine ńkọ́? Katharina tàbí Catharina lẹ máa bá. Tẹ́ ẹ bá sì rí Schäferin nínú ìwé àtijọ́, ẹ má rò pé sọ́nẹ́ẹ̀mù mìíràn ni. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi -in parí sọ́nẹ́ẹ̀mù obìnrin, Müllerin, Schmidtin, Schäferin, Müller àti Schmidt àti Schäfer náà ni. Mo mọ ẹnì kan tó fi odindi ọdún wá ìdílé Beckerin kiri. Tẹ́ ẹ bá tún rí geb. níwájú orúkọ, geborene ni wọ́n gé kúrú, orúkọ ilé bàbá obìnrin ló ń tẹ̀ lé e, wúrà nìyẹn, ẹ má fò ó.

Orúkọ ọkùnrin ló máa ń fa wàhálà jù. Láyé ìgbà yẹn orúkọ méjì mẹ́ta ni ọmọ ń ní, Johann ló sì máa ń ṣáájú, ẹ lè bá ọmọ ìyá mẹ́rin, Johann Georg, Johann Heinrich, Johann Konrad, Johann Adam, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìkankan nínú wọn ní Johann. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń pè wọ́n, Rufname ni wọ́n ń pe orúkọ bẹ́ẹ̀. Johann Heinrich, tó bá dé Amẹ́ríkà, Henry ló ń jẹ́. Nítorí náà bàbá yín tó jẹ́ John jákèjádò, Johannes ló máa jẹ́ nílé, Johannes tó dá dúró láìsí orúkọ mìíràn lẹ́yìn. Kì í ṣe òfin, àmọ́ èmi ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ṣá. Kurrent ni wọ́n ń pè é, ó jọ kí aláǹtakùn ti ẹsẹ̀ bọ tàdáwà kó sá kọjá lórí ìwé. e àti n jọra bí ìbejì (ẹ má bínú, ìyá wọn), u ní àmì kékeré kan lórí kí wọ́n má baà pè é ní n, h gùn sókè gùn sísàlẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi tọpa ìdílé kan tí mo pè ní Henn, gbogbo àwọn òbí àgbà wọn ni mo ti kọ sílẹ̀, kí ìyá àgbàlagbà kan tó bá mi wò ó tó ní Heun ló wà níbẹ̀. Àmì orí u yẹn, mo ti rò pé ìdọ̀tí orí fíìmù ni.


Àjọkẹ́_Texas:

Ẹ n lẹ́ o. Ní ti ìyípadà orúkọ, ẹ jẹ́ ká fi ogun àgbáyé àkọ́kọ́ kún un. Ní 1917 tí Amẹ́ríkà bá Jámánì wọ̀yá ìjà, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Jámánì ò rí ojú rere, àwọn àna mi tó ń jẹ́ Schmidt di Smith ní 1918, wọn ò tún fẹnu kan Jámánì mọ́ nínú ilé. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, Saxe-Coburg and Gotha ni wọ́n ń jẹ́, July 1917 ni wọ́n di Windsor. Tí ọba bá lè ṣe é, ta ni Schmidt. Àmọ́ tìyá Ìbejì kọ́ nìyẹn ṣá, tó bá jẹ́ pé Shafer ni wọ́n ti kọ láti 1870, ogun ò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo kàn ní kí ẹlòmíì tó ń ka èyí mọ̀.


Ìyá_Ìbejì:

Háà, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti Ellis Island sí bàbá ọkọ mi létí, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì 😂. Wọ́n ní ta ni Akọ̀wé yẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ ti para pọ̀ mọ́ òmíràn báyìí, mo ti kọ lẹ́tà sí wọn. Òkúta ibojì rẹ̀ rèé, mo ti rí fọ́tò ẹ̀, John Shafer, 1846 sí 1911, kò sí ohun mìíràn lára ẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà kejì tí òun kọ tirẹ̀ ní Schaefer, mi ò kà á sí tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ bèèrè ìwé orúkọ èrò ọkọ̀ báyìí, mo gbọ́ pé ti Hamburg wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ibẹ̀ ni kí n lọ?


Akọ̀wé_Àtijọ́:

Ẹ kí bàbá fún mi o, ẹ ní àbúrò wọn ni.

Ti Hamburg wà dáadáa, láti 1850 títí di 1934, wọ́n sì máa ń kọ ìlú tí èrò ti wá síbẹ̀. Ó dára, àmọ́ ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má bá a. Ẹ wo máàpù. Odò Fulda gba Kassel kọjá, ó lọ pàdé Werra ní Münden, àwọn méjèèjì di Weser, Weser sì ṣàn lọ sí Bremen. Bremen lọ̀nà ará Kurhessen. Ìwé orúkọ èrò Bremen ló sì ń pa gbogbo wa lẹ́kún, wọ́n ní àyè ò sí nílé ìkówèésí, ni wọ́n bá ń da àwọn tó ti pẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ nù láti 1875 wá, èyí tó ṣẹ́kù, ogun àgbáyé kejì kó o lọ. Àwọn tó wà báyìí, 1920 sí 1939 ni. Ìwé tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní èbúté Amẹ́ríkà wà ní tirẹ̀, àmọ́ Hessen lásán tàbí Germany lásán ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má fi oṣù kan ṣòfò lórí ọkọ̀.

Arákùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé! Kí ló dé tẹ́ ò kà á sí? Ohun tí wọn ò kọ sórí ibojì tẹ̀gbọ́n, wọ́n lè kọ ọ́ sórí tàbúrò. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í dá rìn, ará abúlé kan náà ló ń pe ara wọn wá, wọ́n á ra oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n á dúró fún ọmọ ara wọn níbi ìrìbọmi. Ẹ kọ orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú ìkànìyàn 1870 sílẹ̀, gbogbo tó bá ti jẹ́ ará Hessen.


Ìyá_Ìbejì:

Ẹ̀YIN ÈÈYÀN MI. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn ìwé àtijọ́ wà nínú àpótí irin, Jámánì ni pásítọ̀ ìgbà yẹn fi kọ gbogbo rẹ̀, ó ya fọ́tò ojú ewé tí wọ́n kọ ikú bàbá sí ránṣẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ohun tí mo rí kà rèé: Johannes Schäfer, Táyọ̀ o ṣeun, Johannes ni lóòótọ́! Ó kú ní March 20, 1911. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n kọ "alt 64 Jahre 3 Monate 11 Tage", lẹ́yìn náà "geb. in Neukirchen Krs. Ziegenhain Kurhessen". Mo ti wá Neukirchen, wọ́n pọ̀ bí ewé, Austria ní, Saxony ní, kò síbi tí kò sí. Krs. yẹn ni mi ò mọ̀, ṣé Christ ni? Ṣé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?


Táyọ̀_Leipzig:

Christ kọ́ mà 😂 Kreis ni, bí ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣe rí. Neukirchen túmọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, ibi tí wọ́n bá ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi pọ̀ nìyẹn. Kurhessen nìkan ní ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan wà lẹ́bàá odò Haune tó lè tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ yẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó kọ Kreis Ziegenhain. Èyí tó wà lẹ́bàá òkè Knüll nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dájú sí i, ẹ lọ sórí Meyersgaz, ìwé atọ́nà gbogbo ìlú àti abúlé Jámánì ayé Kaiser ni wọ́n gbé síbẹ̀, á sọ fún yín abúlé wo ló wà lábẹ́ Kreis wo àti ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà. Ziegenhain fúnra rẹ̀ ò dá dúró mọ́, ó ti di ara Schwalmstadt.

geb. tibí yìí kì í ṣe ti obìnrin o, geboren ni, pé wọ́n bí i síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e ló ń sọ èyí tó jẹ́.


Akọ̀wé_Àtijọ́:

Mo dìde dúró nídìí kọ̀ǹpútà mi. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́? Ọdún, oṣù àti ọjọ́ tó lò láyé ni pásítọ̀ kà sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ ikú. Ẹ mú March 20, 1911, ẹ yọ ọdún 64, ó di March 20, 1847. Ẹ yọ oṣù 3, December 20, 1846. Ẹ yọ ọjọ́ 11. December 9, 1846. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn, tí pásítọ̀ ò bá ṣi ìṣirò, wọ́n máa ń ṣì í pẹ̀lú ọjọ́ kan méjì nígbà míì.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lọ báyìí, ẹ má wulẹ̀ wá ìbí rẹ̀ ní Standesamt, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. October 1874 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Prussia, January 1876 ní gbogbo Jámánì, ó ti wà ní Ohio nígbà yẹn. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù. Archion, ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ní ìwé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì Kurhessen, owó ni wọ́n ń gbà, àmọ́ ẹ lè san ti oṣù kan ṣoṣo kẹ́ ẹ sì jókòó tì í. Ká ní Kátólíìkì ni, ojú òpó Matricula ni mi ò bá darí yín sí, ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé àwọn òbí rẹ̀ o. Tí wọn ò bá tẹ̀ lé e wá, tí wọ́n sì kú lẹ́yìn 1874, ikú wọn á wà ní Standesamt, orúkọ bàbá àti ìyá òkú sì máa ń wà níbẹ̀, ẹ fi ìran kan sókè lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ìwé ikú tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ò sí lábẹ́ àṣírí mọ́, Hessen sì ti gbé púpọ̀ nínú tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan: tẹ́ ẹ bá dé ìwé ìrìbọmi, ẹ má gbá Johannes Schäfer àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí mọ́ra. Ẹ wo ìwé ìsìnkú ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọdé ń kú nígbà náà, tí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á tún fi orúkọ kan náà sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ti rí ẹni tó fi ọmọ oṣù mẹ́fà ṣe bàbá ńlá.


Ìyá_Ìbejì:

Mo san ti oṣù kan. Ọkọ mi ní kí n wá jẹun, mo ní kó máa jẹ lọ.

Johannes Schäfer mẹ́ta ni mo bá láàárín 1844 sí 1848. Ọ̀kan kú kó tó pé ọdún kan, Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ gbà mí, torí òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú. Èkejì ṣègbéyàwó síbẹ̀ ní 1872, nígbà tí tèmi ti wà ní Ohio. Ẹ̀kẹta, wọ́n bí i ní DECEMBER 9, 1846. Ọjọ́ yẹn gan-an! Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ ní Schäffer, f méjì, ọmọ tó ń jẹ́ Johannes torí pé ẹni tó dúró fún un níbi ìrìbọmi ń jẹ́ Johannes. Pásítọ̀ mìíràn tún wá fi tàdáwà mìíràn kọ "nach Amerika" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Mo mọ ìyẹn kà láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Leineweber. Mo lọ wá ìtumọ̀ ẹ̀, ahunṣọ ọ̀gbọ̀ ni. Bàbá ọkọ mi ti fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ fún gbogbo èèyàn pé ìran olùṣọ́ àgùntàn làwọn.

Ó wá ku ìyá rẹ̀. Anna Elisabeth ni, geb. wà níwájú ẹ̀, sọ́nẹ́ẹ̀mù yẹn ni mi ò rí kà. Mo ti gbé fọ́tò ẹ̀ sísàlẹ̀ yìí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dá mi lójú pé H ni. Táyọ̀, dákun bá mi wo ìkẹta, ṣé n ni àbí e, nǹkan kékeré kan sì wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò fẹ́ sọ pé ìdọ̀tí ni.